Oòrùn ń jó wa lórí òkè, omi adágún sì tutù bíi yìnyín: ìgbà wo gan-an ló tó wọ̀?

Ìgbì_Pẹ̀lẹ́ · Sátidé, 7:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, àyà mi ò tíì balẹ̀ láti ọ̀sán.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gun òkè lọ síbi adágún kan tí wọ́n fi dáàmù sé, ó tó nǹkan bíi 2,000 mítà sókè. Oṣù kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n oòrùn mú débi pé a ò lè fẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta. Afẹ́fẹ́ wà ní 29°C. Pátákó etí omi sọ pé omi wà ní 17°C. Mo ti wẹ̀ nínú omi 17°C rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ni mo bá kó sómi.

Ìbẹ̀rẹ̀ dáa. Nígbà tí mo wẹ̀ dé nǹkan bí ọgbọ̀n mítà sí etí omi, mo ṣàdédé bá ara mi nínú omi mìíràn. Kò sí àmì kankan lójú omi, ó kàn gbá mi láyà ni. Mo ṣe hàà, omi wọ̀ mí lẹ́nu, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, àyà mi ń lù kìkì, apá ò gbọ́ tèmi mọ́. Èmi tí mo máa ń wẹ kìlómítà méjì láìsinmi o! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo rántí dojú sókè, mo nà gbalaja títí ọ̀rẹ́ mi fi ju okùn sí mi.

Ṣé pátákó yẹn purọ́ ni? Ìgbà wo nínú ọdún ni omi orí òkè tó wẹ̀? Àbí ara mi ló ní wàhálà?

Ìyá_Òmùwẹ̀ · Sátidé, 7:52 alẹ́

Ẹ kú ewu o. A dúpẹ́ pé òní ò gbé yín lọ.

Pátákó ò purọ́, ara yín náà ò ní wàhálà. Ohun tí pátákó sọ ni bí ojú omi ṣe rí níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, láago tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ ò wá dúró síbẹ̀.

Omi tó lọ́ wọ́rọ́ máa ń fúyẹ́, ó máa ń dúró lókè. Èyí tó tutù máa ń wúwo, ó máa ń rì. Omi aláìníyọ̀ máa ń wúwo jù lọ ní 4°C. Nítorí náà, nígbà tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán lórí adágún òkè, gbogbo omi náà, láti ojú dé ìdí, máa ń wà nítòsí 4°C. Òkè ni oòrùn ti ń mú un gbóná. Nínú oṣù kẹfà, omi tó lọ́ wọ́rọ́ yẹn kò ju aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí omi tútù lọ. Ẹni tó dojú bolẹ̀ wẹ̀ lè máà mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dúró ṣánṣán nínú omi láti wo ibi tó ń lọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú omi oṣù kẹrin nìyẹn.

Kí oṣù keje tó parí, aṣọ yẹn ti nípọn. Láti ìgbà náà títí dé ìdajì oṣù kẹjọ ni omi òkè sábà máa ń dáa jù. Inú oṣù kẹsàn-án, ẹ lè rí i pé afẹ́fẹ́ ti ń tutù, àwọn èèyàn ti ń wọ súwẹ́tà, ṣùgbọ́n omi ṣì lọ́ wọ́rọ́ ju ti oṣù kẹfà lọ, torí omi kì í tètè gba ooru, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀. Bí ìgbà ìwọ́wé bá wọlé gan-an, ojú omi á tutù, á wúwo, á rì, tòkè tìsàlẹ̀ á dàpọ̀, ó parí nìyẹn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé, ẹ fi oṣù mẹ́fà kún un.)

Ìgbà tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ́dún ni ìgbà tẹ́ ẹ lọ yìí gan-an: ooru afẹ́fẹ́ ti dé, ti omi ò tíì dé. Bí omi bá tutù tí afẹ́fẹ́ náà tutù, ta ni yóò bọ́ṣọ?

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè méjì: ṣé atẹ́gùn fẹ́ lánàá? Ṣé odò kan ń ṣàn wọ adágún yẹn nítòsí ibi tẹ́ ẹ ti bọ́ sómi?

Ìgbì_Pẹ̀lẹ́ · Sátidé, 8:10 alẹ́

Mà, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Atẹ́gùn fẹ́ láti àná títí di òwúrọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kó gbé àgọ́ wa lọ. Odò kékeré kan sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta lápá òsì wa. A tilẹ̀ ya fọ́tò níbẹ̀.

Ìyá_Òmùwẹ̀ · Sátidé, 8:31 alẹ́

Mo rò bẹ́ẹ̀. Ìrì dídì tó ń yọ́ lórí òkè ni odò yẹn ń gbé bọ̀, ó sì lè máà ju díígírì mélòó kan lọ. Bó bá ti wọ adágún, yóò ṣàn díẹ̀ lójú omi kó tó rì sábẹ́. Ẹni tó bá wẹ̀ gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá ti gba inú yìnyín kọjá.

Ti atẹ́gùn ló tún burú jù, torí àwọn èèyàn kì í gbà á gbọ́. Atẹ́gùn líle tó fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ yín sí òdìkejì yóò ti omi tó lọ́ wọ́rọ́ lọ sí òdìkejì yẹn. Ibi tí ẹ wà kò lè ṣófo, nítorí náà omi tútù láti ìsàlẹ̀ á gòkè wá dí i. Adágún kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹni tó wà lápá ibẹ̀ yẹn ń gbádùn, ẹ̀yin ń gbọ̀n. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ mọ́jú, ẹ má fọkàn tán ohun tí wọ́n kọ sórí pátákó lánàá.

Akọ_Ẹja · Sátidé, 9:05 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ti fẹ̀rù ba ọmọkùnrin náà tó. Mo ti ń wẹ̀ nínú omi òkè fún ogún ọdún, mo wọ̀ ọ́ nígbà tí yìnyín ṣì wà létí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, tó sì ní ara líle, omi tútù ò ní pa á. Ìjáyà ló ń pa èèyàn.

Olùdóòlà_Kejì · Sátidé, 9:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ogún ọdún yín, ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ohun tí ẹ pè ní ìjáyà, ara ló ń ṣe é, ọkàn ò lọ́wọ́ sí i níbẹ̀rẹ̀.

Bí awọ ara bá tutù lójijì, èèyàn á ṣe hàà, ẹ̀mí líle kan á sì wọlé láìjẹ́ pé ó fẹ́ mí. Bí orí rẹ̀ bá wà nínú omi lásìkò yẹn, omi ló máa mí sínú. Lẹ́yìn náà èémí á máa yára, ọkàn á máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ lára awọ á fún pọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Mike Tipton, olùṣèwádìí ti Yunifásítì Portsmouth, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àárín 10°C sí 15°C ni híhàà yìí ti máa ń dé góńgó. Ẹ ò nílò omi tó fẹ́ di yìnyín kó tó gbé yín. Omi 12°C tó dára lójú lábẹ́ oòrùn tó o.

Ìdí tí kò fi ṣe yín ní nǹkan ni pé ó ti mọ́ yín lára. Ìwádìí fi hàn pé bí èèyàn bá wọnú omi tútù nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà péré, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, híhàà yẹn lè dín kù dé nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀yin ti ṣe é ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ìgbì_Pẹ̀lẹ́ ò ṣe é rí. Kìlómítà méjì tó ń wẹ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́rọ́ ò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ rárá.

Akọ_Ẹja · Sátidé, 9:58 alẹ́

Ó dáa, mo gbọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan: mi ò kì í bẹ́ sínú rẹ̀. Mo máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀, màá bu omi sí ọrùn àti ojú, màá dúró títí èémí mi á fi wálẹ̀. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Olùdóòlà_Kejì · Sátidé, 10:15 alẹ́

Wọn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Èyí tẹ́ ẹ kọ yìí wúlò ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ.

Ẹni tó bá ti já sínú rẹ̀ kó má bá omi jà. Kó dojú sókè, kó ti orí sẹ́yìn títí omi á fi bo etí rẹ̀, kó rọra máa gbá ọwọ́ láti léfòó títí èémí á fi padà. Ohun tí RNLI, àwọn adóòlà ẹ̀mí orí omi ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áílándì, ń kọ́ àwọn èèyàn nìyẹn: kọ́kọ́ léfòó ná, kó o tó ronú àtiwẹ̀. Ìgbì_Pẹ̀lẹ́ ṣe é láìmọ̀, òun ló gbà á là.

Bùkọ́lá_Etídò · Sọ́ńdè, 6:48 òwúrọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo rí i níbì kan tí wọ́n kọ “1-10-1”. Ṣé òfin ni? Ṣé ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ní kí n tó kú?

Olùdóòlà_Kejì · Sọ́ńdè, 8:20 òwúrọ̀

Rárá o. Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, ló ń fi kọ́ni, omi tó tutù gan-an ló sì ń sọ. Ìṣẹ́jú kan láti kó èémí yín jọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ṣì fi gbọ́ tiyín. Nǹkan bíi wákàtí kan kí òtútù tó lè mú kí ẹ dákú. Àárín ni kẹ́ ẹ fojú sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù wákàtí kan yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó ti lè rì tipẹ́ kó tó pé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti kú, kò lè di ẹ̀ka igi mú, kò lè gun ọkọ̀ ojú omi. Ara ṣì gbóná nínú, iṣan ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń ra wákàtí náà fún yín.

Ẹ̀ṣọ́_Dáàmù · Sọ́ńdè, 9:33 òwúrọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adágún tí Ọlọ́run dá ni. Èyí tí a fi dáàmù sé yàtọ̀.

Àkọ́kọ́, omi rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Nígbà tí ìrì dídì ń yọ́, a ń gbà á wọlé. Nígbà ooru tí wọ́n nílò omi nísàlẹ̀, tàbí tí ẹ̀rọ iná fẹ́ ṣiṣẹ́, a ń tú u jáde. Òkúta tẹ́ ẹ bẹ́ látorí rẹ̀ ní oṣù keje, tí omi jìn lábẹ́ rẹ̀, lè máà ní ju mítà kan lábẹ́ mọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Kùkùté àwọn igi tí wọ́n gé kí wọ́n tó fi omi bo àfonífojì náà ṣì wà nísàlẹ̀, ògiri àtijọ́ náà wà níbẹ̀ nígbà míì. Ẹrẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ máa ń dà bí ilẹ̀ líle, ó sì lè gbé èèyàn dé itan.

Èkejì, ògiri dáàmù. Ibi tí omi ń gbà wọnú ẹ̀rọ wà lábẹ́, ẹ ò lè rí i, ojú omi lórí rẹ̀ sì lè dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ń lọ. Ó ń fà. Ohun tí a ṣe so àwọn bọ́ọ̀lù ńlá tó léfòó mọ́ra wọn lójú omi nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Mo ti rí ẹni tó jókòó sórí wọn tó ń ya fọ́tò. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ẹ̀kẹta, tí kì í sì í wá sọ́kàn àwọn èèyàn: odò tó wà nísàlẹ̀ dáàmù. Bí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde bá jìn nínú adágún, omi ìdí ló ń tú jáde. Àárín oṣù kẹjọ, oòrùn ń jó, èèyàn á sọ pé adágún òkè ti kún jù, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀ nínú odò nísàlẹ̀, odò ò ṣáà jìn. Omi tó lè máà tó 10°C ló ń wọ̀ yẹn, ó sì lè kún lójijì bí a bá ṣí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè, ẹ jáde. Ẹ má kó bàtà, ẹ jáde.

Àwọn adágún kan wà tí wọn ò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ nínú wọn nítorí pé omi mímu ni. Ẹ ka pátákó wọn tán, ẹ má ka ìwọ̀n ooru nìkan.

Akọ_Ẹja · Sọ́ńdè, 10:02 òwúrọ̀

Ti odò ìsàlẹ̀ dáàmù yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ ṣeun, ọ̀gá.

Bùkọ́lá_Etídò · Sọ́ńdè, 10:40 òwúrọ̀

Ẹ fún mi ní nọ́ńbà kan ṣá, ẹ̀yin àgbà. Díígírì mélòó ni kí n má wọ̀ ọ́?

Ìyá_Òmùwẹ̀ · Sọ́ńdè, 12:15 ọ̀sán

Mi ò fẹ́ràn nọ́ńbà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ohun tẹ́ ẹ lè fi wéra. World Aquatics, tó ń darí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, kì í jẹ́ kí ìdíje ojú omi gbalasa wáyé bí omi kò bá tó 16°C. Bí kò bá tó 18°C, dandan ni aṣọ rọ́bà. Àwọn tó ti fi ọdún gbáko múra nìyẹn o, pẹ̀lú ọkọ̀ adóòlà ẹ̀mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í wọ̀n ọ́n létí omi: àárín ibi tí wọ́n máa wẹ̀ gan-an ni, ní jíjìn 40 sẹ̀ǹtímítà.

Fún ẹni tí kò tíì mọ́ lára, mo máa ń sọ pé lábẹ́ 15°C, ẹ má dá wọ̀ ọ́, ẹ má sì kúrò níbi tí ẹsẹ̀ yín ti lè kan ilẹ̀. Láti 15°C sí 20°C, ẹ máa wẹ̀ lẹ́bàá etí omi, ẹ má là á kọjá. Ìdajì àwọn tó ń kó sí wàhálà ló jẹ́ pé wọ́n fẹ́ dé òdìkejì! Ìdajì yẹn, mo kàn fi ẹnu sọ ọ́ ni, ẹ má lọ kọ ọ́ síbì kankan.

Òkè fúnra rẹ̀ tún ní tiẹ̀. Ní 2,500 mítà, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọ́síjìn wọ ẹ̀dọ̀fóró kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etí òkun lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè lánàá á tètè rẹ̀. Bí àrá bá sì ń sán lọ́sàn-án, bó ṣe máa ń rí lórí òkè nígbà ooru, ẹ jáde, kẹ́ ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ gbọ́ àrá tó kẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́_Olókùn · Sọ́ńdè, 1:07 ọ̀sán

Èmi ni mo ju okùn náà. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun le. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wá ń gbọ̀n rìrì, kò lè so okùn bàtà rẹ̀. Mo fẹ́ fún un ní ọtí, ẹnì kan nítòsí ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á tó fi burú sí i lẹ́yìn tó jáde?

Olùdóòlà_Kejì · Sọ́ńdè, 1:45 ọ̀sán

Ẹni yẹn ṣe yín lóore. Ọtí ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ awọ ara, ooru á máa jò jáde, ojú á sì máa sọ fún un pé ara ti yá.

Ara máa ń tutù sí i nínú lẹ́yìn téèyàn bá jáde, nígbà míì fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí pé òtútù tó wà nínú ẹran ara lóde ṣì ń wọlé lọ. Nítorí náà ẹ bọ́ aṣọ tútù kíákíá, ẹ nù ú láìfi agbára fọwọ́ ra á, ẹ wọ aṣọ gbígbẹ fún un láti òkè wálẹ̀, fìlà pẹ̀lú, ẹ ṣíji fún un lọ́wọ́ atẹ́gùn, ẹ fún un ní ohun mímu dídùn tó lọ́ wọ́rọ́ bí ojú rẹ̀ bá mọ́. Ẹ má gbé e sábẹ́ omi gbígbóná. Kó má sì wakọ̀. Bó bá dẹ́kun gbígbọ̀n tí kò tíì gbóná, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ pe àwọn onípàjáwìrì.

Ẹ sì kú iṣẹ́ okùn. Ẹ ò bẹ́ sínú omi lọ bá a. Àìmọye ìgbà ló jẹ́ pé ẹni kejì ni kì í padà.

Ìgbì_Pẹ̀lẹ́ · Sátidé tó tẹ̀ lé e, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A padà lọ lónìí, ẹ má bú mi. Mo so tẹmómítà mọ́ òkúta kékeré lórí okùn, mo ta kókó sí okùn náà ní mítà kọ̀ọ̀kan, a yá ọkọ̀ àtukọ̀, a wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó. Atẹ́gùn ò fẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ojú omi jẹ́ 18°C. Ibẹ̀ kò jìn ju ìbàdí lọ, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, oòrùn ń yan án. Ní àárín omi, ojú rẹ̀ jẹ́ 16°C. Ní mítà kan, 15°C. Mítà mẹ́ta, 11°C. Mítà márùn-ún, 8°C. Lẹ́nu odò tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta yẹn, ojú omi gan-an jẹ́ 7°C. Ibẹ̀ ni mo gbà kọjá lọ́jọ́ yẹn.

A ò wẹ̀. A fi ẹsẹ̀ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, a sì padà sílé.

Akọ_Ẹja · Sátidé, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Ogún ọdún, mi ò ronú àtiso tẹmómítà mọ́ okùn rí. Mítà mélòó ni okùn yín?

Ìgbì_Pẹ̀lẹ́ · Sátidé, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á, kẹ́ ẹ sì tètè kà á. Bó bá pẹ́ lókè, oòrùn á ti yí i padà.